Omi Ló Ń Pa Àtùpà Lójú Adágún Tó Dì

Bí àtùpà apẹja bá kú lójú adágún tó ti dì, òtútù ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. “Òtútù yìí ti pọ̀ jù fún un,” ni wọ́n á wí, wọ́n á sì gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú àtùpà elépo palẹ̀ lẹ́yìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀ yóò bá nǹkan mìíràn níbẹ̀: ẹ̀kán omi tó dì sí ẹnu ọ̀pá tó ń fa epo, ìpẹtà ní ìsàlẹ̀ táǹkì, gíláàsì tó sán nítorí pé yìnyín ta sí i lára nígbà tó gbóná. Òtútù ní ìpín tirẹ̀ lóòótọ́, pàápàá lára awọ àti rọ́bà, ṣùgbọ́n omi ni olórí ọ̀tá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn ibi tí adágún ti ń dì gbagidi nígbà òtútù ni wọ́n ti ń pẹja báyìí: Fínlándì, Rọ́ṣíà, Kánádà, ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á lu ihò sójú omi dídì, wọ́n á pa àtíbàbà bò ó, wọ́n á sì jókòó ti ihò náà pẹ̀lú ìwọ̀ àti okùn. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀ lásìkò yẹn, àwọn ẹja kan sì wà tó jẹ́ pé òru ni wọ́n fẹ́ràn láti jẹun. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá máa ń fa àwọn kòkòrò omi tín-ín-tìn-ín wá sábẹ́ ihò, ẹja kéékèèké á sì tẹ̀lé wọn wá. (Nínú àròkọ yìí, omi dídì ni mo ń pe èyí tí ènìyàn ń tẹ̀ rìn lójú adágún, yìnyín ni mo ń pe funfun tó ń já bọ́ láti òkè.)

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí wọn kò lo iná bátìrì? Wọ́n ń lò ó, ó sì dára kí ọ̀kan wà nínú àpò. Àmọ́ òtútù ń rẹ bátìrì sílẹ̀, kò sì sí ooru kankan lára iná bátìrì. Àtùpà elépo ń tànmọ́lẹ̀, ó ń lé òtútù díẹ̀ kúrò nínú àtíbàbà, epo tó kù nínú rẹ̀ sì ṣe é fi ojú wọ̀n. Ohun tó ń béèrè ní pààrọ̀ ni ìtọ́jú.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àtùpà tí a ń fi ọwọ́ pọ́ńpù, tó ń jó epo gaara kan tí wọ́n ń pè ní náfítà, tàbí kẹrosín. Èkejì ni ti gáàsì própéènì tí a ń dè mọ́ orí sílíńdà kékeré. Ẹ̀kẹta ni láńtánì olówùú, èyí tí òwú ń fa kẹrosín láti ìsàlẹ̀. Ti náfítà ni mo máa sọ̀rọ̀ lé jù, nítorí pé òun ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ nínú òtútù líle, òun náà ló sì ní ẹ̀yà ara tó lè bàjẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Pọ́ńpù ń ti afẹ́fẹ́ sínú táǹkì, afẹ́fẹ́ yẹn ń ti epo gòkè gba inú ọ̀pá bíńtín kan tó gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá. Ooru iná ń se epo náà nínú ọ̀pá títí yóò fi di gáàsì, mo sì ń pè é ní ọ̀pá ìsepo nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe yìí. Gáàsì á jáde lójú ihò kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, á fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì jó nínú máńtù. Máńtù ni àpò aṣọ kékeré tí wọ́n rì sínú èròjà irin. Tí aṣọ rẹ̀ bá jó tán, eérú tó kù ló máa ń ràn funfun. Carl Auer von Welsbach, ará Austria, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1885. Tórímù, èròjà tó ní ìtànṣán olóró díẹ̀, wà nínú àwọn ti àtijọ́. Ítíríọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò báyìí. Bó ti wù kó rí, má ṣe fa eérú máńtù símú, kí o sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí o bá pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú ìṣètò yìí, ibi mẹ́ta ni omi lè gbà wọlé pa á: inú epo, ara gíláàsì, àti abẹ́ àtùpà fúnra rẹ̀. Ti inú epo ló burú jù, torí ènìyàn kì í rí i títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí.

Fojú inú wo agolo epo tó ku ìdajì. Afẹ́fẹ́ ló kún ìdajì kejì, afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì ní ọ̀rinrin. Gbé agolo náà láti inú ilé tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́ síta, ọ̀rinrin yẹn á di ìrì mọ́ ara páànù, á sì ṣàn wálẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí, ìsàlẹ̀ náà sì ni ọ̀pá tó ń fa epo ti ń mu. Nínú ilé, ẹ̀kán omi mẹ́ta-mẹ́rin kàn lè mú kí iná ṣẹ́jú lásán. Ní -15°C, ẹ̀kán kan ṣoṣo ti tó láti di ẹnu ọ̀pá pa. Iná á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa mí sókè-sódò, á wá kú, bó ti wù kí o pọ́ńpù tó. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọ̀pá ìsepo ló dí, á tú u nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìka tó ti kú tipiri, á pààrọ̀ rẹ̀, àtùpà kò sì ní tàn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Da epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ agolo sínú ìgò gíláàsì funfun, jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò dà bí ìlẹ̀kẹ̀ rógódó-rógódó nísàlẹ̀. Má gbìyànjú láti lo epo tó kẹ́yìn nínú agolo ògbólógbòó. Bí ìka méjì ló kù níbẹ̀, jẹ́ kó wà fún nǹkan mìíràn. Àrọ tó ní àsẹ́ ni kí o fi bu epo, irú èyí tí àsẹ́ rẹ̀ ń dá omi dúró tó sì ń jẹ́ kí epo kọjá. Kí o sì kún táǹkì nílé ṣáájú ìrìn, nítorí pé lójú adágún, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, yìnyín á máa wọ inú àrọ bí o ṣe ń dà á. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Má kún un dé ẹnu o. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí díẹ̀ sí i ló tó, kí afẹ́fẹ́ pọ́ńpù lè ní àyè. Táǹkì àtùpà ńlá sábà máa ń gba epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan, ìyẹn sì lè jó bíi wákàtí méje bí a bá ṣí i dópin, tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀ bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fún òru kan, táǹkì kan àti lítà kan ní ìpamọ́ ti tó. Epo mọ́tò kò dára tó náfítà, kódà nínú àtùpà tí wọ́n kọ sí i lára pé ó lè jó méjèèjì: àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn fún ẹ́ńjìnnì máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìsepo, wọ́n á dì í kíákíá, òórùn rẹ̀ sì burú nínú àtíbàbà.

Bí ọ̀pá ìsepo bá dí lóòótọ́, àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti omi. Ti omi máa ń dé lójijì, bí ẹni pa iná. Ti dídí máa ń dé díẹ̀díẹ̀: láti ìrìn kan sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ ń rẹlẹ̀, ó ń pọ́n, ó ń gba kí o pọ́ńpù ṣáá. Dúdú tí epo fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá ló fà á. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọ̀pá náà tó ń gún ojú ihò. Lára àwọn àtùpà àtijọ́, irin kékeré kan ni a ń yí láti mú un gòkè-sọ̀kalẹ̀, kí o sì yí i bí ìgbà mélòó kan kí o tó tan iná nígbàkígbà. Bí ìyẹn kò bá mú un ṣí, pààrọ̀ ọ̀pá náà nílé. Ọ̀pá tuntun kò wúwo. Fi ọ̀kan sínú àpò pẹ̀lú sípánà tó bá ìdè rẹ̀ mu.

Ibi tí òtútù ti ń jà fúnra rẹ̀ ni pọ́ńpù. Orí ọ̀pá pọ́ńpù ni awọ kékeré kan wà tó rí bí ago tí a dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Awọ gidi ni lára àwọn kan, rọ́bà ni lára òmíràn. Bí o bá ti ọ̀pá sísàlẹ̀, etí awọ náà á fẹ̀ gbá ògiri mọ́, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè sá. Awọ tó gbẹ máa ń sún kì, rọ́bà tó tutù máa ń le bí pákó, etí wọn kò sì ní fẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni wàá máa pọ́ńpù tí ọwọ́ rẹ kò ní rí ìdènà kankan, bí ẹni ń gún odó òfìfo. Oògùn rẹ̀ ni epo ẹ̀rọ tó fẹ́lẹ́: ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta nínú ihò kékeré tó wà lórí ìdérí pọ́ńpù, ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn. Epo tó nípọn á dì mọ́ ọn lára, má lò ó. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú adágún, fa ọ̀pá pọ́ńpù yọ, fi ìka tẹ etí awọ náà fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o sì fi í sínú ẹ̀wù títí yóò fi rọ̀. Awọ ìpààrọ̀ kéré tó èékánná àtàǹpàkò, kò sí àwíjàre kankan fún ẹni tí kò mú un dání.

Wọ́ṣà rọ́bà tó wà nínú ìdérí táǹkì náà ń jìyà òtútù kan náà. Tó bá ti sán tàbí tó ti pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde, o sì lè gbọ́ ọ tó ń súfèé bí o bá tẹ́tí sí i. Nílé ni kí o ti dán an wò: pọ́ńpù rẹ̀, ti fáàfù, fi omi ọṣẹ ra ìdérí àti gbogbo oríkèé, kí o wo ibi tó ń hó. Omi ọṣẹ á dì lójú adágún, kò wúlò níbẹ̀.

Ní ti títan iná, ìyàtọ̀ òtútù sí ojú ọjọ́ rere ni sùúrù. Ìgbà 30 sí 50 ni kí o pọ́ńpù fún táǹkì tó kún dáadáa. Tí epo bá ti lọ sílẹ̀, yóò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àyè afẹ́fẹ́ ti fẹ̀. Gbé ìṣáná sún mọ́ máńtù kí o tó ṣí fáàfù, má ṣe ṣí i tán kí o wá máa wá ìṣáná kiri. Iná àkọ́kọ́ á pọ́n, á sì gbéra sókè, nítorí pé ọ̀pá ìsepo kò tíì gbóná, epo tútù ló ń tú jáde. Ní ojú ọjọ́ lásán, ìyẹn kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nínú òtútù líle, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ni kí o ti tàn án fún ìdí yìí, lẹ́yìn tí ó bá funfun tán ni kí o gbé e wọ àtíbàbà. Tún un pọ́ńpù bíi ìgbà 20 lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Láítà bútéènì kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ bí ó bá ti tutù, torí bútéènì kì í di gáàsì mọ́ bí òtútù bá ti kọjá ìwọ̀n òdo díẹ̀. Àpò inú ẹ̀wù ni ibùgbé rẹ̀, ìṣáná sì gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó dé pinpin.

Máńtù tó ti jó kì í fẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Eérú ni, èémí líle lè fọ́ ọ. Máńtù tuntun tí kò tíì jó, aṣọ ni, ó lè la ojú ọ̀nà gbágungbàgun já. Nítorí náà, ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n á so máńtù tuntun mọ́ àtùpà nílé, wọ́n á tẹ́ ìkánjọ rẹ̀ yíká ọ̀gbọọgba kí ó má wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n wọn kò ní jó o. Ibi tí atẹ́gùn kò ti dé lójú adágún ni wọ́n á ti fi ìṣáná ràn án láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú fáàfù ní títì, títí gbogbo rẹ̀ á fi di eérú funfun, kó tó di pé epo dé ibẹ̀. Mú mẹ́rin dání fún àtùpà onímáńtù méjì.

Má ṣe máa fi máńtù tó ti lu lò nítorí pé ó ṣì ń tàn. Ihò yẹn á máa tu ahọ́n iná kan jáde, ahọ́n náà á máa lá gíláàsì lójú kan ṣoṣo. Apá kan gíláàsì á gbóná ju ìyókù lọ, yóò sì là. Ọ̀pọ̀ gíláàsì tí wọ́n ní “òtútù ló fọ́ ọ”, máńtù olóhò ló fọ́ ọ.

Ti omi ló tẹ̀ lé e. Gíláàsì àtùpà rere le, ooru kì í bà á nínú jẹ́, àmọ́ ẹ̀kán omi láti òrùlé àtíbàbà tàbí yìnyín tí ẹnìkan gbọ̀n dànù lára ẹ̀wù rẹ̀ lè sán an ní ìṣẹ́jú àáyá. Má ṣe gbé àtùpà tó gbóná jáde sínú yìnyín tó ń já bọ́. Pa á, jẹ́ kó tutù fún bí ìṣẹ́jú 15 kí o tó gbé e kúrò. Àwọ̀n irin wà tí wọ́n ń fi rọ́pò gíláàsì lára àwọn àtùpà kan. Kì í fọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ wọlé, nítorí náà inú àtíbàbà nìkan ló dára fún.

Níbo wá ni omi òrùlé ti ń wá? Láti inú àtùpà fúnra rẹ̀ ni. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: bí lítà náfítà kan bá jó tán, omi tí yóò bí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Hàídírójìn inú epo ló ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, wọ́n á di ọ̀rinrin, ọ̀rinrin á gòkè, á kan aṣọ òrùlé tó tutù, á di ìrì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kún un pẹ̀lú èémí ènìyàn méjì, kí o wá wo iye omi tó wà lókè orí yín ní òru kan. Bó bá dì mọ́ ojú ihò afẹ́fẹ́ àtíbàbà, ó ti di ewu mìíràn.

Ewu yẹn ni káábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, èéfín tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Gbogbo àtùpà tó ń jó epo ló ń tú u jáde, pàápàá èyí tí iná rẹ̀ pọ́n. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti oorun òjijì ni àmì rẹ̀. Bí ènìyàn méjì nínú àtíbàbà kan bá ń ní orí fífọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde kíákíá, kí ẹ má dúró bi ara yín léèrè. Ihò afẹ́fẹ́ méjì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá ilẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá òrùlé, kí o sì máa fọwọ́ kàn wọ́n lóòrèkóòrè bóyá yìnyín ti dí wọn. Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín yìí bá pọ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún inú ilé ni kò ní ìdánilójú iṣẹ́ nínú òtútù tó ń mú omi dì. Ẹ má sì sùn nígbà tí àtùpà bá ń jó. Lórí èyí, mi ò ní “bóyá” kankan.

Ibi tí àtùpà yóò dúró sí ṣe pàtàkì bí epo rẹ̀. Gbé e sílẹ̀ lórí omi dídì gan-an, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Ooru á yọ́ omi dídì nísàlẹ̀ rẹ̀, á máa rì díẹ̀díẹ̀, á fì sí ẹ̀gbẹ́, bí o bá sì pa á, ìsàlẹ̀ táǹkì á dì mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn kan ti fi àáké gé e jáde, táǹkì sì lu. Fi pátákó tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóòmù tín-ínrín, tàbí kí o dojú bákẹ́ẹ̀tì 20 lítà dé, kí o gbé e lé orí rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí o gbé e kọ́ sórí irin àtíbàbà pẹ̀lú ìkọ́ tó nípọn, kí àlàfo tó tó gígùn apá kan wà láàárín orí rẹ̀ àti aṣọ òrùlé. Má gbé e kọ́ sókè ihò ìpẹja gan-an. Bí ẹja bá fà, tí ènìyàn dìde lójijì, orí tàbí ọ̀pá ìwọ̀ ló máa kọ́kọ́ kàn án.

Àtúnkún epo: kúrò lẹ́bàá ihò. Náfítà fẹ́ẹ́rẹ́ ju omi lọ, bó bá dà sínú ihò, ojú omi ni yóò wà, á sì lè gbiná níbẹ̀ bí ó ti ń jó lórí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kò gbiná, ó ti ba omi àti ẹja jẹ́. Pa àtùpà, jẹ́ kó tutù, gbé e jáde síta, jìnnà sí sítóòfù àti sìgá gbogbo, kí o tó tú ìdérí. Wọ ìbọ̀wọ́ tí epo kò lè wọ̀. Ní -25°C, náfítà ò dì. Òtútù agolo náà ló ní lára, bó bá sì ta sí ìka, ó ń fẹ́ lọ, ó ń fa ooru ara jáde, ìka lè kú kí o tó nù ún tán. Mi ò rò pé àwọn tó ń ta epo ń sọ èyí tó.

Àtùpà própéènì kò ní pọ́ńpù, kò ní ọ̀pá ìsepo, omi kì í sì í ráyè wọ inú epo rẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé òtútù ló ń pinnu agbára rẹ̀. Própéènì kì í di gáàsì mọ́ ní -42°C, ṣùgbọ́n ìṣòro ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó tutù débẹ̀, torí bí gáàsì bá ń jáde, sílíńdà fúnra rẹ̀ ń tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká lọ, wàá sì rí yìnyín funfun lára rẹ̀. Bí iná bá ti ń rẹlẹ̀, pààrọ̀ sílíńdà, kí o gbé èyí tó tutù síbi tí kò ní òtútù jù, ṣe ni kí o máa pààrọ̀ méjì sí ara wọn. Má fi iná yá a, má sì gbé e ti sítóòfù. Sílíńdà tí wọ́n po bútéènì mọ́ kò wúlò níbí: própéènì á kọ́kọ́ jó lọ, bútéènì á kù sínú rẹ̀ bí omi, iná á sì kú nígbà tí sílíńdà ṣì wúwo lọ́wọ́. Ojú ibi tí àtùpà ti dè mọ́ sílíńdà ní rọ́bà roboto kan. Wò ó bóyá ó ti sán.

Ẹni tó bá ń lo kẹrosín nínú àtùpà tí a ń fi ọwọ́ pọ́ńpù mọ̀ pé sìpíríìtì la fi ń yá orí rẹ̀ kó tó jó. Nínú òtútù, ago sìpíríìtì kan kì í tó. Rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá kánjú ṣí i, kẹrosín tútù á tú jáde, á jó pẹ̀lú èéfín, máńtù á sì dúdú. Àǹfààní kẹrosín ni pé kì í tètè gbiná bí náfítà. Láńtánì olówùú ni mo fẹ́ràn jù gẹ́gẹ́ bí igbákejì: kò ní pọ́ńpù, kò ní máńtù, atẹ́gùn kì í sì í tètè pa á. Gé òwú rẹ̀ tẹ́jú, kí o sì gé igun méjèèjì díẹ̀ kí iná má baà yọ ìwo. Náfítà tàbí pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ kan inú láńtánì olówùú láéláé. Ó lè bú gbàmù.

Lójú ọ̀nà, gbígbọ̀n ọkọ̀ wíwọ́ tí kò ní táyà burú ju òtútù lọ. Àpótí líle pẹ̀lú fóòmù tí a gé bí ìrísí àtùpà ló dára jù. Bákẹ́ẹ̀tì 20 lítà pẹ̀lú ìdérí àti fóòmù náà ń ṣe é. Tú gíláàsì yọ, fi aṣọ wé e lọ́tọ̀, jẹ́ kí àtùpà dúró lórí ìdí rẹ̀, kí o tú afẹ́fẹ́ inú táǹkì jáde kí o tó gbéra. Agolo epo gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, ní òòró gangan, pẹ̀lú okùn tó dè é mọ́ ọkọ̀. Má jẹ́ kí ó wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú oúnjẹ.

Ìpadàbọ̀ ni ọ̀pọ̀ àtùpà ti ń gba ikú wọn láìsí ariwo. Gbé irin tó wà ní -20°C wọ ilé, omi á bò ó mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan, nínú àti lóde. Tú afẹ́fẹ́ táǹkì sílẹ̀ níta, nítorí bí epo bá yá, ìtì rẹ̀ á pọ̀ sí i. Fi àtùpà sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀ tó dé, nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí gáréèjì tí kò sí iná, títí di ọjọ́ kejì, kí ó lè yá díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin kàn án. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí i, kí o nù ún gbẹ. Bí o kò bá ní padà lọ láàárín oṣù kan, da epo inú rẹ̀ jáde gba àrọ tó ní àsẹ́, ṣí ìdérí sílẹ̀ níta fún wákàtí kan kí inú rẹ̀ gbẹ, kí o wá dé e padà. Epo náfítà tí a ti ṣí ń gbó. Kọ ọjọ́ tí o ṣí agolo sí i lára pẹ̀lú yíǹkì tí kò ní parẹ́, kí o sì jó o tán kí ọdún kejì tó parí.